Ṣẹ́ẹ̀tì Kan Láàrin Ọ̀rọ̀ Méjì

Ẹni tó bá fẹ́ bá Bàbá Alágbàfọ̀ sọ̀rọ̀, kó yáa wá ibi jókòó sí. Ọkùnrin náà kì í sọ̀rọ̀ tán lẹ́ẹ̀kan náà. Á sọ ìdajì, á gbé áyọ́ọ̀nù, á lọ ṣẹ́ẹ̀tì kan láti kọ́là dé etí ìsàlẹ̀, á ká a, á gbé e lé àwọn yòókù lórí, kó tó wá rántí mú ìdajì kejì jáde. Bí o bá kí i ní "Ẹ káàárọ̀," tó bá jẹ́ ṣòkòtò onílà ló wà níwájú rẹ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ "Káàsán o" ni yóò fi dá ọ lóhùn. Àwọn oníbàárà rẹ̀ ti mọ̀ ọ́n bẹ́ẹ̀. Wọ́n á kó aṣọ sílẹ̀, wọ́n á jókòó sórí bẹ́ńṣì tó wà lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á dúró. Ẹni tí ò bá lè dúró á ní òun ń bọ̀ lọ́la wá gbọ́ ìyókù.

Ọmọ kan ṣoṣo tí Ọlọ́run wá fi ta irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ lọ́rẹ, Lọ́yà ni wọ́n ń pè é. Kì í ṣe pé ó mọ nǹkan kan nípa òfin o. Iyàn jíjà ló sọ ọ́ lórúkọ. Láti kékeré, tí o bá ní òjò ti ṣú, á bi ọ́ pé ta ló sọ fún ọ. Tí o bá ní ó dára, kò ṣú mọ́, á ní kí ló dé tí o tètè yí ohùn padà. Ẹnu rẹ̀ kì í dúró de ẹnu ẹlòmíràn. Ìyá rẹ̀ ti kú kó tó gbọ́n tó ẹni tí í dá ojú mọ̀, nítorí náà àwọn méjèèjì yìí náà ló kù nínú ilé, ẹni tí kì í sọ̀rọ̀ tán àti ẹni tí kì í gbọ́rọ̀ tán. Ẹ gbà mí! Tó bá jẹ́ ilé mìíràn ni, ì bá ti wó tipẹ́.

Kò wó ṣá. Ilé náà tutù, ó sì dùn ún gbé. Yàrá iwájú ni tábìlì ìlọṣọ wà, òórùn sítáàṣì àti ti aṣọ gbígbóná kì í sì í kúrò níbẹ̀. Ẹ̀yìnkùlé ni okùn aṣọ wà, láti ògiri dé ògiri. Aṣọ bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn ni wọ́n ń fọ̀ jù. Tí wọ́n bá sá wọn tán, tí atẹ́gùn bá sì dé, gbogbo ẹ̀yìnkùlé á di funfun, á máa mí sókè, á máa mí sílẹ̀. Lọ́yà fẹ́ràn kó máa rìn láàrin wọn lọ́sàn-án, kó máa wo òjìji bàbá rẹ̀ lódì kejì, tí yóò ga, tí yóò tún kúrú, bí atẹ́gùn bá ṣe ń ti aṣọ. Nígbà tó wà lọ́mọdé, ó gbà pé inú aṣọ wọ̀nyẹn ni àwọn aláìsàn ń gbàgbé àlá wọn sí, pé iṣẹ́ òun àti bàbá òun ni láti fọ àlá kúrò lára aṣọ. Ó ti dàgbà báyìí, kò sì tíì gbà tán pé irọ́ ni.

Òun ló máa ń kó àwọn aṣọ náà padà lọ sí ilé ìwòsàn. Ibẹ̀ ló ti ń rí àwọn nọ́ọ̀sì, bí wọ́n ṣe ń gbé ọwọ́ lé iwájú orí ẹni tó ń jẹ̀rora, tí onítọ̀hún á sì rọlẹ̀ wọ̀ọ̀. Ó wù ú. Ó wù ú débi pé tí yúnífọ́ọ̀mù wọn bá wà lọ́dọ̀ rẹ̀ tó fẹ́ lọ̀ ọ́, á kọ́kọ́ gbé e lé àyà ara rẹ̀, á wojú dígí, á yíra sọ́tùn-ún, á yíra sósì. Ṣùgbọ́n ìlú mìíràn ni ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì wà, ibi tó jìnnà, ìdánwò ni wọ́n sì fi ń wọ ibẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ti ṣe é, ẹ̀ẹ̀mejì ló ti fìdí rẹmi. Ti ọdún yìí ni àṣemọ. Tó bá di ọdún tó ń bọ̀, ọjọ́ orí rẹ̀ á ti kọjá èyí tí wọ́n ń gbà.

Kí ló ń gbé e ṣubú? Ìṣirò kọ́. Ẹ̀kọ́ nípa ara ènìyàn kọ́. Ìyẹn, bí omi ló ń mu ún. Àyọkà ni. Kí wọ́n fún un ní ọ̀rọ̀ tí ẹlòmíràn kọ, kí wọ́n bi í pé kí ni òǹkọ̀wé ń sọ, ibẹ̀ ni ìjà ti ń bẹ̀rẹ̀.

Obìnrin tó ń kọ́ ọ ní ẹ̀kọ́ ìrọ̀lẹ́, Àǹtí Tíṣà ni gbogbo wọn ń pè é. Yàrá kan lẹ́yìn ilé iṣẹ́ àwọn káfíńtà ló ń lò, eruku pákó a sì máa bà lé ìwé wọn bí wọ́n bá ṣe ń kà á. Lọ́jọ́ kan, ó gbé ìwé Lọ́yà sókè, ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún gbé e wọ̀.

"Òǹkọ̀wé ní kí wọ́n jẹ́ kí ọmọdé máa ṣeré dáadáa kí wọ́n tó fi ìwé lé e lọ́wọ́. Wọ́n bi ọ́ pé kí ni èrò rẹ̀. Ìwọ kọ ọ́ síbí pé, 'Òǹkọ̀wé yìí ò tíì bímọ.'"

"Àǹtí, ṣé irọ́ ni mo pa? Ẹni tó bá ti bímọ ò lè sọ irú ẹ̀."

Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Àǹtí Tíṣà ò rẹ́rìn-ín.

"Lọ́yà, ta ló pè ọ́ lẹ́jọ́? Ṣé wọ́n ní kí o wá dá a láre ni, àbí wọ́n ní kí o wá dá a lẹ́bi? Wọ́n ní kí o gbọ́ ohun tó sọ. Ó tán."

"Ohun tó sọ yẹn náà ni inú fi ń bí mi."

"Kò tíì sọ ọ́ tí inú ti ń bí ọ." Ó fa àga mọ́ ọn. "Gbọ́, ọmọ mi. Òǹkọ̀wé tó gbọ́n kì í kọ́kọ́ sọ tẹnu ara ẹ̀. Tẹnu àwọn ẹlòmíì ló máa kọ́kọ́ gbé kalẹ̀. 'Àwọn kan ní báyìí, wọ́n ní báyẹn.' Á sọ ọ́ dáadáa, á sọ ọ́ kó dùn, ìwọ á rò pé òun ló ni ín. Ìgbà tó bá sọ tiwọn tán ló máa tó wá ní, 'ṣùgbọ́n.' Ibẹ̀ ni ilé ẹ̀ wà. Ìwọ, kó tó dé ilé, o ti bá a jà tán lójú ọ̀nà, o sì ti bá tìẹ lọ."

Lọ́yà ní òun ti gbọ́. Àwọn tó mọ̀ ọ́n mọ̀ pé tó bá ní òun ti gbọ́, kò tíì gbọ́.

Ìjà mìíràn tún wà nílẹ̀ nílé, èyí tí kò sọ fún Àǹtí Tíṣà. Lọ́jọ́ tó sọ fún bàbá rẹ̀ pé òun fẹ́ tún ìdánwò náà ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i, ṣẹ́ẹ̀tì funfun ọlọ́wọ́ gígùn ló wà lórí tábìlì. Bàbá gbé ojú sókè wò ó. Ó ní, "Wọ́n ní ọmọ tó bá lọ sí irú ibi tó jìnnà bẹ́ẹ̀ kì í padà." Ó sì gbé áyọ́ọ̀nù.

Ṣé Lọ́yà dúró kí bàbá lọ apá ṣẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo tán? Ó tì o! Ó ní, "Ẹ ṣé, Bàbá, mo ti gbọ́ yín!" ó jáde, ó sì pa ilẹ̀kùn dé gbàà. Àwọn àgbà ní àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, tó bá dénú rẹ̀, á di odindi. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ inú Lọ́yà ni àbọ̀ ọ̀rọ̀ wọ̀, irú odindi tí yóò dà níbẹ̀, Ọlọ́run nìkan ló mọ̀. Lọ́jọ́ náà, ó di pé bàbá òun ò fẹ́ kí òun lọ, pé ó fẹ́ kí òun máa sá aṣọ títí òun ó fi hu ewú.

Láti ìgbà náà, ẹ kú iṣẹ́, ẹ káàbọ̀, oúnjẹ ti délẹ̀, ìyẹn nìkan ni ọ̀rọ̀ wọn. Bí bàbá bá ní, "Ọ̀rọ̀ ọjọ́ yẹn," tó bá na ọwọ́ sí áyọ́ọ̀nù báyìí, Lọ́yà á ti wà láàrin àwọn aṣọ bẹ́ẹ̀dì lẹ́yìnkùlé. Á máa rí òjìji rẹ̀ tó wá dúró sódì kejì, tó ń ga, tó ń kúrú. Ó ń dùn ún. Ó ń dun bàbá náà. Kò sẹ́ni tó mọ bí wọ́n ṣe ń gbé aṣọ kúrò láàrin.

Bẹ́ẹ̀ ni ọjọ́ ìdánwò ṣe dé.

Gbọ̀ngàn ìdánwò gbóná. Fáànù ń yí lókè bí ẹni tí oorun ń kùn. Tó bá fẹ́ dé ibi ìwé, etí gbogbo ìwé funfun orí tábìlì á gbéra díẹ̀, á tún sùn. Lójú Lọ́yà, àfi bíi pé ẹ̀yìnkùlé wọn ló wà. Ó ṣe ìṣirò, ó yọrí. Ó ṣe ti ara ènìyàn, ó dùn. Ó wá ṣí ojú ìwé, ó kan àyọkà.

Ọ̀rọ̀ afárá ni. Òǹkọ̀wé ní ìlú kan wà tó ní afárá méjì lórí odò kan náà. Tuntun gbòòrò, ọkọ̀ ló ń gbà á. Ti àtijọ́ rí tóóró, pákó ni, ẹsẹ̀ nìkan ló ń gbà á. Àwọn ará ìlú ní kí wọ́n wó ti àtijọ́. Wọ́n ní iṣẹ́ àtúnṣe rẹ̀ ti pọ̀ jù. Wọ́n ní ti tuntun yá jù ú lọ. Wọ́n ní ẹni tó bá ṣì ń gba orí pákó kọjá odò, onítọ̀hún ò mọ iyì àkókò. Ìbéèrè wà lábẹ́ rẹ̀: kí ni òǹkọ̀wé fẹ́ kí á gbà? Ìdáhùn àkọ́kọ́ ní kí wọ́n wó afárá àtijọ́ nítorí pé kò wúlò mọ́. Èkejì ní kí wọ́n tọ́jú rẹ̀ nítorí pé àwọn baba ńlá ló kọ́ ọ. Ẹ̀kẹta ní kí wọ́n tọ́jú rẹ̀ nítorí pé ìlú nílò ibi tí ènìyàn ti lè dúró díẹ̀. Ẹ̀kẹrin ní kò yẹ kí wọ́n kọ́ tuntun rárá.

Inú bí Lọ́yà. Ìkà ni òǹkọ̀wé yìí! Afárá tó ti gbé ìyá yín, tó ti gbé bàbá yín, ẹ ní kí wọ́n wó o? Ó ti gbé bírò lé ìdáhùn àkọ́kọ́, nítorí pé lójú tirẹ̀ ohun tí òǹkọ̀wé sọ nìyẹn. Ó sì ti ń ro èsì tí òun ì bá fọ̀ fún un ká ní wọ́n jọ kojú ara wọn.

Bóyá ooru ni o, bóyá fáànù ni, ìpéǹpéjú rẹ̀ wálẹ̀.

Nígbà tó gbé ẹsẹ̀, pákó ló tẹ̀. Pákó náà tutù, ó ń ta sánsán ọṣẹ. Odò wà nísàlẹ̀, ó ń lọ láìpariwo. Ọkùnrin kan fi ìgbọ̀nwọ́ ti igi ẹ̀gbẹ́ afárá, ó kọ ẹ̀yìn sí i. Ẹ̀yìn náà tẹ̀ díẹ̀, bíi ti ẹni tí iṣẹ́ ìdúró ti pẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Lọ́yà mọ̀ pé òǹkọ̀wé ni. Ta ni ì bá tún jẹ́?

"Ẹ̀yin lẹ ní kí wọ́n wó o," ló sọ fún un, kò tiẹ̀ kí i.

"Wọ́n ní kí wọ́n wó o," ọkùnrin náà dáhùn. Ó sì ń wo odò lọ.

Lọ́jọ́ mìíràn, Lọ́yà ì bá ti yí ẹ̀yìn padà. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ dùn ún dúró. Atẹ́gùn tútù ń bọ̀ láti orí omi, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò sì fẹ́ kúrò. Òun náà fi ìgbọ̀nwọ́ ti igi. Aṣọ funfun kan ń bọ̀ lójú omi, ṣẹ́ẹ̀tì ni, apá rẹ̀ méjèèjì là gbayawu, ó ń bọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Wọ́n jọ ń wò ó. Ó wọ abẹ́ afárá. Wọ́n yíjú sí ẹ̀gbẹ́ kejì, wọ́n dúró dè é. Ó pẹ́ kó tó yọ. Nígbà tó yọ, ọkùnrin náà mí kanlẹ̀.

"Ṣùgbọ́n lórí ti tuntun," ó ní, "ta ló lè dúró wo èyí?"

Ẹnì kan wúkọ́. Olùṣọ́ ìdánwò ló ń kọjá. Lọ́yà ṣí ojú, bírò ṣì wà lórí ìdáhùn àkọ́kọ́, kò tíì tẹ̀ ẹ́. Ó padà sínú àyọkà, ó ń fi ìka tọ ìlà kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ní. Wọ́n ní. Wọ́n ní. Kò síbi tí ọkùnrin náà ti ní "mo ní." Ìpínrọ̀ ìkẹyìn ló wà, ó kúrú, ó wà nísàlẹ̀ pátápátá níbi tí ojú ti máa ń sáré kọjá: "Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á bi ara wa, lórí afárá tí gbogbo ènìyàn ti ń sáré, níbo ni ẹni tó fẹ́ wo odò yóò dúró sí?"

"Háà," Lọ́yà sọ ọ́ síta, olùṣọ́ sì fojú bá a wí. Ó mú ẹ̀kẹta.

Èsì dé sórí fóònù rẹ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tó ń ká àpò ìrọ̀rí. Ó yege. Ó kà á, ó tún un kà, ó fi àpò ìrọ̀rí bojú, ó ké sínú rẹ̀. Ayọ̀ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á. Ibi tó ti ń fò sókè ni ẹ̀rù ti bà á: ta ni yóò sọ fún bàbá? Kí ni yóò sọ? Ẹni tí inú bàbá rẹ̀ ò bá dùn sí lílọ rẹ̀, báwo ni yóò ṣe lọ kí ẹsẹ̀ rẹ̀ sì fúyẹ́?

Ó bọ́ sí yàrá iwájú. Bàbá wà nídìí tábìlì. Oòrùn ìrọ̀lẹ́ gba ojú fèrèsé wọlé, ooru aṣọ ń gòkè nínú rẹ̀, gbogbo yàrá dà bí ibi tí oorun ti ń bọ̀.

"Bàbá, mo yege."

Áyọ́ọ̀nù dúró. Bàbá gbé ojú sókè.

"Wọ́n ní ọmọ tó bá lọ sí irú ibi tó jìnnà bẹ́ẹ̀," ó bẹ̀rẹ̀, "kì í padà." Ó fa ṣẹ́ẹ̀tì kan sọ́dọ̀.

Iná sọ nínú Lọ́yà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti yí sí ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé, ọwọ́ rẹ̀ ti wà lára ilẹ̀kùn. Ibẹ̀ ló ti gbọ́ ọ. Wọ́n ní. Wọ́n ní, kì í ṣe mo ní. Àní bó ṣe sọ ọ́ lọ́jọ́ kìíní náà nìyẹn. Ara rẹ̀ tutù pẹ̀sẹ̀. Ó padà, ó jókòó sórí bẹ́ńṣì àwọn oníbàárà, níbi tí kò jókòó sí rí láti ìgbà tí wọ́n ti bí i. Bàbá wò ó, ẹnu yà á. Ó lọ kọ́là. Ó lọ èjìká. Ó lọ apá ọ̀tún, ó yí i, ó lọ apá òsì. Ó ń fi orí áyọ́ọ̀nù wọ àárín bọ́tìnnì lọ́kọ̀ọ̀kan. Lọ́yà di ètè rẹ̀ mú. Ọ̀rọ̀ tó wá sí i lẹ́nu níbẹ̀ pọ̀ ju aṣọ orí tábìlì lọ, ó gbé gbogbo rẹ̀ mì. Bàbá ká ṣẹ́ẹ̀tì náà, ó gbé e lé àwọn yòókù.

"Ṣùgbọ́n," ó ní, "èmi mọ ìdí tí wọn kì í fi í padà."

Ó sì tún fa ṣẹ́ẹ̀tì mìíràn.

Yéè! Ẹni tó bá rí ojú Lọ́yà lákòókò yẹn á ṣàánú rẹ̀. Ó fi ọwọ́ méjèèjì di bẹ́ńṣì mú kí ara rẹ̀ má baà fò dìde. Ó jókòó bẹ́ẹ̀ títí ṣẹ́ẹ̀tì kejì fi lọ tán.

"Nígbà tí èmi náà fẹ́ kúrò nílé," bàbá sọ, "bàbá mi kọ ẹ̀yìn sí mi. Kò bú mi, kò nà mí, ó kàn kọ ẹ̀yìn. Mo jáde bẹ́ẹ̀, kò sẹ́ni tó sìn mí. Ọdún ń gorí ọdún, ilé ń wù mí, mo máa di ẹrù, mo máa tún tú u. Ojú wo ni mo fẹ́ fi gba ẹnu ọ̀nà tí wọn ò sìn mí dé wọlé? Ìgbà tí mo máa padà, bàbá mi ò sí láyé mọ́."

Aṣọ wà níwájú rẹ̀, kò gbé áyọ́ọ̀nù. Lọ́yà kò rí i kó sọ̀rọ̀ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan rí.

"Ẹni tí wọ́n bá sìn ló máa ń padà. Mo fẹ́ sìn ọ́, ọmọ mi. Mo fẹ́ gbé ẹrù rẹ lọ́wọ́ ara mi títí dé ìdí ọkọ̀, kí gbogbo àdúgbò rí wa. Ohun tí mo fẹ́ sọ látọjọ́ yẹn nìyẹn. O ò jẹ́ kí n lọ ṣẹ́ẹ̀tì tán."

Omijé ti bọ́ sí àgbọ̀n Lọ́yà. Gbogbo ìgbà tó fi ń sá lọ sáàrin aṣọ lẹ́yìnkùlé, tí òjìji náà dúró, tó ń dúró, ohun tó wà lẹ́nu bàbá nìyẹn.

Ẹ̀rù ba bàbá. "O ò ní jiyàn ni?"

Lọ́yà dìde, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, ó wá dúró tì í nídìí tábìlì.

"Ẹ sún fún mi, Bàbá," ó ní. "Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ lọ ṣẹ́ẹ̀tì kan ná."

Bàbá Alágbàfọ̀ gbé áyọ́ọ̀nù lé e lọ́wọ́. Ó rìn lọ sórí bẹ́ńṣì àwọn oníbàárà, ó jókòó, ó ká ọwọ́ lé orúnkún, ó ń dúró.